Ọwọ́ Tí Mo Fi Sí Iṣẹ́ Agídí

Ọjọ́ Ajé, 3 Oṣù Kẹta

Kọ̀mpútà dé láàárọ̀ yìí, nínú páálí tó ga dé orúnkún mi. Agídí ló fi ránṣẹ́ láti ìlú tó ti ń ṣiṣẹ́. Agídí ni ọmọbìnrin mi, ọmọ ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n, tí kò tíì gbà títí di òní pé òtútù lè mú òun. Ó lẹ bébà mọ́ orí ẹ̀: "Dádì, ẹ má fi nǹkan kan sínú ẹ̀ o. Nǹkan kan! Bó ṣe ṣófo yẹn ni kó ṣe wà."

Alága — ìyàwó mi ni, inú ìwé yìí nìkan ni mo ti ń pè é bẹ́ẹ̀, ọjọ́ tó bá rí i mo gbé — ní kí wá ni ìwúlò kọ̀mpútà tó ṣófo. Ó ti fẹ́ kó àwòrán sí i. Mo ní Agídí kọ̀. Ó ní, "Ẹ̀yin àti ọmọ yín." Tí ọmọ bá fi ẹ̀bùn ránṣẹ́, ọmọ wa ni. Tó bá ṣe oríkunkun, ọmọ mi ni.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 4 Oṣù Kẹta

Mo tún bi í lórí fóónù, á ti tó ìgbà kẹwàá: iṣẹ́ wo gan-an lo ń ṣe? Mo fẹ́ mọ ohun tí màá máa sọ fún àwọn èèyàn. "Ó ń ṣe kọ̀mpútà" ni mo máa ń sọ, wọ́n á wá gbé rédíò tó ti bàjẹ́ wá pé kí n bá àwọn fi ránṣẹ́ sí i.

Bó ṣe ṣàlàyé nìyí, kí n má baà gbàgbé. Èdè kan wà tí wọ́n fi ń pàṣẹ fún kọ̀mpútà. Àwọn bíi mẹ́wàá ló ń tọ́jú ẹ̀ káàkiri ayé, Agídí wà lára wọn. Ó lórúkọ, àmọ́ ahọ́n mi ò gbé e. Èdè Náà ni màá máa pè é. Èdè Náà kì í déédéé bọ́ sórí kọ̀mpútà èèyàn. Wọ́n á kọ́kọ́ kó ẹ̀yà ara ẹ̀ jọ, wọ́n á tò ó, wọ́n á sọ ọ́ di odidi. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á gbé e lọ sórí kọ̀mpútà ẹni tó fẹ́ ẹ, wọ́n á fi kálukú sí yàrá tiẹ̀. Ìwé àṣẹ ló ń ṣe gbogbo ìyẹn fúnra ẹ̀, ìlà tẹ̀ lé ìlà. Agídí ló ń tọ́jú ìwé àṣẹ. Ó ní, "Dádì, tó bá dáa, ẹnikẹ́ni ò mọ̀ pé mo wà láyé. Tó bá bàjẹ́, gbogbo ayé mọ ilé mi."

Mo ní bí iṣẹ́ òbí ṣe rí náà nìyẹn. Ó rẹ́rìn-ín, ó wá wúkọ́. Mo bi í nípa ikọ́. Ó ní eruku ni. Eruku! Nínú yàrá tó wà ní òkè kẹta!

Oríṣi kọ̀mpútà orí tábìlì mẹ́ta ni wọ́n ń gbé Èdè Náà sí. Mo ti sọ wọ́n lórúkọ nítorí àmì ara wọn: Olófèrèsé, Eléso, Ẹlẹ́yẹ. Olófèrèsé ni tèmi. Àwọn tó ń lò ó ló pọ̀ jù, ibẹ̀ náà ni ẹ̀sùn ti ń wá jù.

Ìdí tó fi ṣófo: kọ̀mpútà àwọn mẹ́wẹ̀ẹ̀wá yẹn ti kún fún irinṣẹ́ tí wọ́n ti kó sí i láti ọdún pípẹ́. Bí ìwé àṣẹ bá gbàgbé láti wá nǹkan kan, nǹkan ọ̀hún ti wà nílẹ̀ lọ́dọ̀ tiwọn, wọn ò ní mọ̀. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ra tiẹ̀ ni ìyà máa jẹ. Nítorí náà wọ́n ń wá kọ̀mpútà kan tí kò mọ nǹkan kan, àti ẹnì kan tí kò mọ nǹkan kan. Ó ní kí n má bínú. Mi ò bínú.

Ọ̀rọ̀ yìí yé mi ju bó ṣe rò lọ. Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni mo fi ṣiṣẹ́ nílé ìtẹ̀wé. Èmi ni mo ń ka ojú ewé tí wọ́n kọ́kọ́ tẹ̀, kí wọ́n tó tẹ ìyókù. Ẹni tó to lẹ́tà kì í rí àṣìṣe ara ẹ̀, ohun tó wà lọ́kàn ẹ̀ ló ń kà. Èmi ni mo ń rí i. Màá fi bírò pupa kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́, màá wá fọwọ́ sí ìsàlẹ̀: Ó dára, tàbí Kò dára. Ọ̀gá pátápátá ò tó bẹ́ẹ̀ kó tẹ ojú ewé kan láìsí ọwọ́ mi. Ẹ̀rù mi ń bà wọ́n. Ó máa ń dùn mọ́ mi gan-an ni.

Ọjọ́rú, 5 Oṣù Kẹta

Fàájì yà wá — ọmọkùnrin mi, tó ń tún fíríìjì ṣe. Kò jẹun kó tó wá. Kò jẹun kó tó lọ. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n!

Ọjọ́bọ̀, 6 Oṣù Kẹta

A bẹ̀rẹ̀. Agídí wà lórí fóónù, èmi wà níwájú Olófèrèsé pẹ̀lú awò lójú. Ó ní kí n ṣí àpótí dúdú kan báyìí, kí n tẹ ìlà kan ṣoṣo. Mo tẹ̀ ẹ́. Ọ̀rọ̀ funfun bẹ̀rẹ̀ sí í sáré lọ sókè bí ẹni tí ajá ń lé. Ó dúró lójijì. Pupa.

Ó ní, "Dádì, kí ló kọ?" Mo ní kó ní sùúrù. Mo kọ́kọ́ fi bírò pupa dà á kọ sínú ìwé àjákọ mi, lẹ́tà kan ò yingin, àmì kan ò bọ́. Mo wá kà á fún un. Ó ní háà, ó yé òun.

Bọ́tìnnì kan wà tó ń dá kọ̀mpútà padà sí òfìfo. A tẹ̀ ẹ́. A tún bẹ̀rẹ̀. Pupa. A tún bẹ̀rẹ̀. Pupa. Kò dára, Kò dára, Kò dára — ìgbà mẹ́ta lọ́jọ́ kan! Ọjọ́ ti pẹ́ tí inú mi ti dùn báyìí kẹ́yìn. Agídí ní, "Ẹ ṣé, Dádì." Nígbà tó dé "ẹ ṣé" kẹta, ohùn ẹ̀ ti ń já.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 8 Oṣù Kẹta

Ọ̀rọ̀ wà ńlẹ̀. Alága ló tú u jáde lẹ́nu ọmọ, èmi ni mo dúró lẹ́bàá ilẹ̀kùn ilé ìdáná bí ẹni tó ń wá omi.

Ọkùnrin kan wà láàárín wọn. Mo ti rí àwòrán ẹ̀, irùngbọ̀n ló pọ̀ níbẹ̀ ju ojú lọ. Irùngbọ̀n ti kọ ohun èlò tiẹ̀, ẹyọ kan, tó ní ó lè ṣe iṣẹ́ gbogbo ìwé àṣẹ Agídí. Ó ní ti Agídí ti gbó, àbùlẹ̀ lórí àbùlẹ̀, kí wọ́n kó o dànù. Ọdún mẹ́rin tí ọmọ mi fi ṣe é! Wọ́n wá fẹnu kò sí i: ẹ̀dà tuntun máa jáde ní ọjọ́ Ẹtì tó ń bọ̀. Tó bá wọlé wọ́ọ́rọ́wọ́ lórí oríṣi kọ̀mpútà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, Agídí ló ṣì ń tọ́jú ẹ̀. Tí ẹ̀sùn bá pọ̀, wọ́n á dìbò, ó sì lè bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀.

Mo gba fóónù lọ́wọ́ Alága. Mo ní ṣé Irùngbọ̀n yìí ti níyàwó. Agídí pa fóónù.

Ọjọ́ Ajé, 10 Oṣù Kẹta

Ìgbà kẹrin: Kò dára. Ìgbà karùn-ún: Kò dára. Kò sọ pé "ẹ ṣé" mọ́. "Hmm" ló ń sọ.

Ọjọ́rú, 12 Oṣù Kẹta

Kí n kọ ọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀.

Ọ̀sán gangan ló pè. Ohùn ẹ̀ rí bí bébà tí wọ́n ti fi ọwọ́ rún. Ó ní, "Dádì, tí èyí ò bá wọlé, mo máa jọ̀wọ́ ẹ̀ fún wọn kí wọ́n tó gbà á lọ́wọ́ mi. Ó ti sú mi." Mo ní kó jẹun. Ó ní kí n jọ̀ọ́ tẹ ìlà yẹn.

Mo tẹ̀ ẹ́. Mo ń gbọ́ mímí ẹ̀ létí mi. Funfun ń sáré. Ó pẹ́. Ó kọjá ibi tó ti ń kú sí tẹ́lẹ̀. Lẹ́yìn náà — pupa. Ìlà kan péré. Kọ̀mpútà ní òun fẹ́ lo irinṣẹ́ kan, òun ò rí i. Ṣùgbọ́n lábẹ́ ẹ̀, bí ẹni pé nǹkan kan ò ṣe é, ìkíni tí Agídí kọ sí òpin ìwé àṣẹ tún jáde: "Ó ti parí. Ẹ kú iṣẹ́!"

Ìlà méjèèjì wà lójú kan náà. Ó ní, "Dádì? Kí ló kọ?"

Mo ka ti ìsàlẹ̀ fún un.

Ariwo tó pa! Mo ní láti mú fóónù kúrò létí. Ó ní, "Ṣé kò sí pupa rárá?" Mo ní, "Pupa wo?" Ó ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ní òun máa lọ jẹun báyìí. Ó máa lọ jẹun! Láti ọdún wo ni mo ti ń bẹ̀ ẹ́!

Nígbà tí mo yíjú, Alága wà lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú àwo lọ́wọ́. Ó ti mọ ojú mi láti ọdún mẹ́rìndínlógójì.

Síbẹ̀, ọwọ́ mi ti mọ́ ọn lára: mo ti da ìlà pupa yẹn kọ sínú ìwé àjákọ, lẹ́tà kan ò yingin.

Ọjọ́bọ̀, 13 Oṣù Kẹta

Ìlà kan ṣoṣo ni. Kékeré ni. Bóyá Olófèrèsé kàn ń ṣe ìkanra.

Mo tẹ orúkọ Èdè Náà sínú àpótí dúdú láti wò ó bóyá ó máa dáhùn. Kọ̀mpútà ní òun ò mọ ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀.

Ó yẹ kí n pe Agídí. Mo gbé fóónù lẹ́ẹ̀mẹrin. Lẹ́ẹ̀kẹrin mo pe Fàájì, mo bi í bóyá ó ti jẹun.

Ọjọ́ Ẹtì, 14 Oṣù Kẹta

Ó ti jáde. Agídí fi ojú ewé ẹ̀ ránṣẹ́ kí n wò ó. Ní ìsàlẹ̀, níbi tí wọ́n to àwọn tó yẹ̀ ẹ́ wò sí: "Bàbá mi. Kọ̀mpútà òfìfo. Ó dára."

Alága ra kéèkì. Ó gé tèmi ńlá, ó gbé e síwájú mi, ó jókòó, ó ń wò mí títí mo fi jẹ ẹ́ tán.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 15 Oṣù Kẹta

Ẹ̀sùn mọ́kàndínlógún.

Ọjọ́ Àìkú, 16 Oṣù Kẹta

Ẹ̀sùn mẹ́tàlélọ́gọ́ta. Ojú ewé kan wà tí gbogbo ayé ti ń kọ ẹ̀sùn wọn, mo ti mọ ọ̀nà ibẹ̀ bí ẹni mọ ọ̀nà ilé ìyàgbẹ́. Gbogbo ẹni tí Olófèrèsé ẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹ́ tuntun ni kò wọlé fún. Ti Eléso dáa. Ti Ẹlẹ́yẹ dáa. Tíṣà kan ní ogójì kọ̀mpútà tuntun nínú kíláàsì ẹ̀. Ó ní àwọn ọmọ jókòó títí aago fi lù, wọ́n ń wo "Ẹ kú iṣẹ́" láì tíì ṣe iṣẹ́ kankan.

Irùngbọ̀n kọ síbẹ̀: "Ta ló yẹ èyí wò?"

Agídí dá a lóhùn ní gbangba: "Bàbá mi. Òṣìṣẹ́ ilé ìtẹ̀wé ni. Bàbá mi kì í fọwọ́ sí ohun tí kò dára. Kọ̀mpútà àwọn èèyàn wọ̀nyí ni kí ẹ wò."

Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹta. Mo yọ awò. Mo nù ún. Mo tún kà á.

Alága ní, "Ṣé ẹ máa pè é ni, àbí kí n pè é?"

Ọjọ́ Ajé, 17 Oṣù Kẹta

Mo pè é. Mo ti to ọ̀rọ̀ sílẹ̀, ọ̀rọ̀ fọ́nká. Mo ṣáà sọ ọ́.

Ó ní, ohùn ẹ̀ tutù: kí ni pupa yẹn kọ? Mo ṣí ìwé àjákọ, mo kà á fún un.

Ó ní, "Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

Ó ní, "Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ dáadáa báyìí, ẹ wá purọ́ fún mi?"

Kí ni mo fẹ́ sọ? Mo ní nítorí oúnjẹ ni.

Kò tó ogún ìṣẹ́jú tó fi tún un ṣe. Ìlà méjì ló gba ipò ara wọn: èyí tó ní "lo irinṣẹ́" ló wà lókè, èyí tó ní "lọ wá irinṣẹ́" ló wà nísàlẹ̀. Àwọn mẹ́wẹ̀ẹ̀wá ti ní irinṣẹ́ yẹn láti ọjọ́ aláyé, kò sẹ́ni tó rí i. Ìdí gan-an tó fi gbé kọ̀mpútà fún mi nìyẹn. Ìlà méjì! Ká ní mo la ẹnu mi lọ́jọ́rú, ogún ìṣẹ́jú ni.

Kó tó pa fóónù, ó ní, "Dádì, mi ò fẹ́ bá yín sọ̀rọ̀ lọ́sẹ̀ yìí." Ó sọ ọ́ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ká ní ó pariwo ni, ǹ bá lè pariwo padà.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 18 Oṣù Kẹta

Mo ṣe é. Mo lọ sí ojú ewé ẹ̀sùn, mo forúkọ sílẹ̀ — "Aṣàyẹ̀wò" ni mo pe ara mi — mo sì kọ èyí síbẹ̀:

"Ẹ kú iṣẹ́ o, gbogbo yín. Èmi ni bàbá ọmọ tó ń tọ́jú ìwé àṣẹ. Èmi ni mo yẹ̀ ẹ́ wò. Mo rí àṣìṣe yẹn kí ó tó jáde, mo sì fi pamọ́ fún un torí pé ohùn ẹ̀ ò dáa lórí fóónù. Kò mọ̀. Tí ẹ bá máa lé ẹnì kan, èmi ni kí ẹ lé. Tíṣà ológójì kọ̀mpútà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi bẹ àwọn ọmọ. Ẹ tún jẹ́ kí ọmọ mi máa sùn, ikọ́ ń yọ ọ́ lẹ́nu."

Fàájì bá mi níbẹ̀, ó kà á láti ẹ̀yìn èjìká mi. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń di ikùn mú. "Dádì! Ẹ lọ bá a bẹ tíṣà! Ọmọ ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n, ẹ lọ bá a bẹ tíṣà!" Mo ní kó dìde kó lọ jẹun. Ó jẹun. Ẹ̀rín ti jẹ́ kí ebi pa á.

Ọjọ́rú, 19 Oṣù Kẹta

Àwọn mọ́kànlélógójì ti dá mi lóhùn, mi ò mọ ẹnì kankan nínú wọn. Ọ̀kan ní bí bàbá òun ṣe máa ń ṣe náà nìyẹn, ó ní "ó dùn, ó dùn" sí gbogbo ohun tí òun bá sè, ìgbà tí òun kúrò nílé lòun tó mọ̀ pé òun ò mọ oúnjẹ sè. Ọ̀kan ní ṣé òun lè yá mi. Tíṣà ní àwọn ọmọ kí mi, wọ́n gbádùn ọjọ́ yẹn, kò sí iṣẹ́.

Irùngbọ̀n náà kọ̀wé: "Ẹ káàárọ̀ sà. Ẹ ṣé tí ẹ sọ òtítọ́. Ìbò ṣì wà ní ọjọ́ Àìkú sà."

Ó kí mi dáadáa. Irú wọn ló burú jù. Mi ò rí ibi tí màá ti bú u.

Ọjọ́bọ̀, 20 Oṣù Kẹta

Agídí ò pè. Ó ń pe Alága. Wọ́n ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ nílé ìdáná. Mo gbọ́ "ó ti ń rù." Mi ò mọ̀ bóyá èmi ni àbí ọmọ.

Ọjọ́ Ẹtì, 21 Oṣù Kẹta

Àtẹ̀jíṣẹ́ wọlé láti ọ̀dọ̀ Agídí. "Ẹ káàsán sà." Sà! Fún bàbá tó bí i!

Ohun tí òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ fẹnu kò sí nìyí. Àkọ́kọ́, òfin tuntun, Agídí fúnra ẹ̀ ló dá a lábàá: ẹbí ẹni tó kọ nǹkan ò gbọdọ̀ fọwọ́ sí nǹkan náà mọ́. Wọ́n ti kọ ọ́ sínú ìlànà wọn. Èmi ni wọ́n torí ẹ̀ ṣòfin, bí wọn ò tilẹ̀ dárúkọ mi. (Mo ka òfin náà fún Alága. Ó ní kí n má yọ̀.)

Ìkejì, dípò ìbò, ìdánwò ni, lórí Olófèrèsé òfìfo. Irùngbọ̀n ní ìyá, ìyá náà ní kọ̀mpútà òfìfo. Ìyá Irùngbọ̀n ló máa yẹ iṣẹ́ Agídí wò. Èmi ni màá yẹ ti Irùngbọ̀n wò. Tí ti Agídí bá kùnà lọ́wọ́ ìyá yẹn, gbogbo ẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀. Tí ti Irùngbọ̀n bá kùnà lọ́wọ́ mi, kò gbọdọ̀ yọ Agídí lẹ́nu mọ́ láéláé. Tí méjèèjì bá wọlé, Irùngbọ̀n gba Olófèrèsé torí tiẹ̀ kúrú jù, Agídí mú Eléso àti Ẹlẹ́yẹ.

Láéláé ni wọ́n kọ o. Mo kà á dáadáa.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 22 Oṣù Kẹta

Mo kọ̀wé sí Ìyá Irùngbọ̀n. Ìwé ìkíni lásán. Mo bi í nípa orúnkún ẹ̀. Mi ò mọ̀ bóyá orúnkún ń dùn ún, ṣùgbọ́n ọjọ́ orí wa mà nìyí. Mo ní ọmọ lọmọ ń jẹ́, òbí náà lòbí ń jẹ́, ó mọ̀ bí ọ̀rọ̀ ṣe rí.

Èsì ẹ̀ dé kí tíì mi tó tutù: "Orúnkún mi le koko. Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni mo fi kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò. Mi ò fún ọmọ ara mi ní máàkì tí kò gbà rí, ká má tíì wá sọ ti ọmọ yín. Ẹ kú ìpalẹ̀mọ́."

Mo fẹ́ràn obìnrin yìí, ẹ̀rù ẹ̀ sì ń bà mí.

Ọjọ́ Àìkú, 23 Oṣù Kẹta

Aago mẹ́wàá. Mo ti jẹun, mo ti fọ awò, mo ti gbé bírò pupa kalẹ̀. Mo dá Olófèrèsé padà sí òfìfo. Mo tẹ ìlà Irùngbọ̀n.

Funfun. Kò tilẹ̀ sáré, ó ń rìn jẹ́ẹ́jẹ́. Ó ń sọ ohun tó ń ṣe fún mi bí ọmọ tó gbọ́ ẹ̀kọ́ ilé: mo ń wá èyí, mo ti rí i, mo ń gbé tọ̀hún, mo ti gbé e. Ó parí. Mo tẹ orúkọ Èdè Náà. Èdè Náà dáhùn.

Mo tún dá a padà sí òfìfo. Lẹ́ẹ̀kejì. Ó wọlé. Lẹ́ẹ̀kẹta mo dúró dè é dé àárín, mo fa okùn íntánẹ́ẹ̀tì yọ — kò sẹ́ni tó ní kí n fà á, mo kàn fẹ́ mọ irú èèyàn tó jẹ́. Ó dúró. Ó ní, "Ó jọ pé íntánẹ́ẹ̀tì ti lọ. Màá dúró." Mo lọ bu omi mu. Mo padà, mo ki okùn bọ̀ ọ́. Ó ṣe ìyókù, kò bínú.

Bírò pupa wà níbẹ̀. Mi ò rí nǹkan fi í ṣe.

Èmi nìkan ló wà nínú yàrá. Kọ̀mpútà mìíràn tó ṣófo bíi tèmi ò sí lọ́dọ̀ ẹnikẹ́ni nínú wọn lónìí, àfi ti ìyá yẹn. Tí mo bá kọ "Kò dára", ta ló máa mọ̀? Mo lè ní ìlà pupa kan wà. Mo mọ bí ìlà pupa ṣe rí, mo ní mẹ́fà nínú ìwé àjákọ, kí n kàn da ọ̀kan kọ ni. Ọ̀rọ̀ méjì péré, ọmọ mi ti mú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, láéláé.

Mo jókòó síbẹ̀ títí tíì mi fi tutù. Mo rò ó pé tí Agídí bá bi mí, "Dádì, kí ló kọ?", kí ni màá kà fún un?

Mo kọ ọ́: "Ó wọlé lẹ́ẹ̀mẹta. Mo tilẹ̀ yọ ọ́ lẹ́nu. Ó dára." Mo fọwọ́ sí i. Ó dùn mí dé eegun.

Alága bi mí báwo ni. Mo sọ fún un. Ó fọwọ́ kan ẹ̀yìn ọrùn mi, ó lọ.

Ọ̀sán, èsì Ìyá Irùngbọ̀n dé: "Iṣẹ́ ọmọbìnrin náà wọlé. Kò sí pupa. Ìkíni ìparí ẹ̀ gùn jù. Máàkì: mọ́kàndínlọ́gọ́rùn-ún."

Bẹ́ẹ̀ ni Agídí ṣe mú Eléso àti Ẹlẹ́yẹ. Olófèrèsé, èyí tó jìyà lé lórí jù, lọ. Èmi ni mo fi ọwọ́ ara mi gbé e fún Irùngbọ̀n.

Ọjọ́ Ajé, 24 Oṣù Kẹta

Agídí pè. Èmi ló pè, kì í ṣe Alága. Ó ní, "Dádì, ẹ káàárọ̀." Kò sí sà níbẹ̀. Mo jókòó.

Mo fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀bẹ̀. Kò jẹ́ kí n dé ibì kankan. Ó ní ṣé mo mọ̀ pé inú òun dùn ni. Olófèrèsé nìkan ni ìdajì wàhálà òun, òun ti fẹ́ kó bọ́ lọ́rùn òun tipẹ́, òun kàn ń ṣe agídí ni. Ó ní òun sùn lánàá títí ilẹ̀ fi mọ́. Òun jẹ ẹyin méjì. Irùngbọ̀n ti gba ẹ̀sùn mẹ́rìnlá kí aago mẹ́jọ tó lù, kó máa bá a yí. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ẹ má dààmú ara yín, Dádì. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ó dáa gan-an ni."

Mo fetí sí ẹ̀rín yẹn bí mo ṣe máa ń ka ojú ewé àkọ́tẹ̀, láti òkè délẹ̀. Kò sí ohun tí mo lè nawọ́ sí. Ó kàn yára díẹ̀. Ẹyin méjì náà, kò sí ẹni tó bi í; ó dà bíi pé ti ìsàlẹ̀ nìkan ló ń kà fún mi.

Lẹ́yìn tó lọ, Alága yọjú láti ilé ìdáná, ó ní kí lọmọ wí.

Mo ní ó ní ó dára.

Ó wo ojú mi títí. Kò bi mí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Èmi náà ò pe ọmọ padà.